Ọkùnrin Tó Ń Sinmi Láàárín Ebè

Àga àwọn ọmọdé ló gbé Fúnminíyì Babáyẹmí dé ṣọ́ọ̀bù Ọlálérè Bámgbóyè, lójú ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìlá Ọ̀ràngún. Òun ló ń bójú tó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ìjọ Onítẹ̀bọmi tó ń lọ, àwọn àga tó wà níbẹ̀ sì ti gbó débi pé wọ́n ń ya aṣọ mọ́ àwọn ọmọ lára. Wọ́n ti sọ fún un pé Ọlálérè mọ iṣẹ́ igi, pé kọ́lẹ́ẹ̀jì gan-an ló gbà á láti máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, á wá sí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.

Ọkùnrin gíga, eléjìká gbòòrò, ló bá níbẹ̀. Ó rò pé yóò kàn bèèrè iye àga ni. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ní kí Fúnminíyì fi ọwọ́ wọn bí èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà ṣe ga tó, ó sì bèèrè bóyá ẹsẹ̀ wọn máa ń kan ilẹ̀ tí wọ́n bá jókòó. Kò sí ẹni tó bi Fúnminíyì ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń rò ó lọ nígbà tó ń padà sílé.

Ọjọ́ tí wọ́n fi àdéhùn sí pé, àga kò tíì ṣe tán. Orí pátákó kan ló ti bá Ọlálérè tó nà gbalaja ní ọ̀sán gangan, tí ayùn àti randa tó fi ń fá igi wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú bí Fúnminíyì, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ọ̀wọ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá mọ̀ pé kò ní ṣe é ṣe, ẹ̀ bá ti sọ fún mi.” Ọlálérè dìde díẹ̀díẹ̀ bí arúgbó, ó ní òótọ́ ló sọ, kò sì ṣe àwáwí kankan. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ ló kó àwọn àga náà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ náà, ó ń mi àga kọ̀ọ̀kan wò bóyá ó dúró dáadáa, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa gbogbo etí rẹ̀ kí igi má baà gún ẹnikẹ́ni. Ibi tí Fúnminíyì dúró sí, tó ń wò ó, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọbìnrin ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Fúnminíyì. Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ti ń forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, Anti Tinúadé, ló sì ń gbé nínú Ìlá. Iresi ni àwọn òbí rẹ̀ wà. Ọlálérè fi ọdún mélòó kan jù ú lọ. Ó máa ń dúró dè é níwájú sẹkitéríátì tí iṣẹ́ bá parí, wọn á sì jọ fẹsẹ̀ rìn títí dé ìta ilé Anti Tinúadé. Nígbà tó di oṣù kẹta, Fúnminíyì gbàgbé “ẹ” tó máa ń fi bá a sọ̀rọ̀, ó pè é ní “o,” ó sì yára bẹ̀bẹ̀. Ọlálérè ní kó má bẹ̀bẹ̀, pé “o” yẹn ni òun ti ń retí láti ọjọ́ yìí.

Ohun kan ṣoṣo ló ń kọ Fúnminíyì lóminú. Ọlálérè á fi àdéhùn sí, kò ní yọjú. Fúnminíyì á pè é, kò ní gbé fóònù. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, á tún yọ, ojú rẹ̀ á rẹ̀ sílẹ̀, á ní ibà ló dá òun gúnlẹ̀. Fúnminíyì bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé obìnrin mìíràn wà. Nígbà tó sọ ọ́ fún Anti Tinúadé, ìyẹn ní kó yéé jókòó máa fi èrò pa ara rẹ̀, kó lọ fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ó lọ lóòótọ́. Kò bá obìnrin kankan níbẹ̀. Orí ibùsùn ló bá Ọlálérè, ó ká ara rẹ̀ jọ, ó sì ti aṣọ ìbora sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí ó ní aṣọ náà ń dun òun. Ó ní ọrùn ń ro òun, èjìká, ẹ̀yìn, ìbàdí, itan, títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ní òun sùn, ṣùgbọ́n bó ṣe rẹ òun kí òun tó sùn náà ló rẹ òun nígbà tí òun jí. Fúnminíyì bèèrè ohun tó ń ṣe é. Ó ní ibà ni. Inú Fúnminíyì dùn pé ibà ni, kì í ṣe obìnrin, lẹ́sẹ̀ kan náà ojú tì í pé inú òun lè dùn sí àìsàn ẹlòmíràn. Ó se ẹ̀kọ mímu fún un, kò sì bèèrè ọ̀rọ̀ mọ́.

Ohun tí Ọlálérè kò sọ ni pé ọdún karùn-ún rèé. Ọ̀kadà ló kọ́kọ́ gbé e ṣubú, àìsàn gígùn kan tẹ̀ lé e, nígbà tí àìsàn náà lọ, ìrora kò bá a lọ. Ó ti gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníkẹ́míìsì títí ìdí rẹ̀ fi yi. Oògùn ìrora tó ń gbé mì ti dá ọgbẹ́ sí i nínú. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ti ya àwòrán egungun rẹ̀, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ẹnì kan ní ilé ìwòsàn tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní àìní ìyàwó ló ń ṣe é. Ìyá rẹ̀ mú un lọ sí ilé àdúrà, wọ́n ní àwọn ọ̀tá ló ń lù ú lójú oorun. Nígbà tó yá, ó rí i pé “ibà” ni ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń gbà láìjiyàn. Ó sì di ibà mú.

Nígbà tí àwọn méjèèjì pinnu láti fẹ́ra, Anti Tinúadé ló lọ sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Iresi. Àgbẹ̀ paraku ni Alàgbà Babáyẹmí, bàbá Fúnminíyì, ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí kò sì tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun ru ọkọ́. Ó gbọ́ gbogbo ìròyìn rere tí àbúrò rẹ̀ mú wá nípa ọkùnrin náà, ó ní kò burú, ṣùgbọ́n nígbà tí òun ń fẹ́ ìyá Fúnminíyì, oko bàbá ìyàwó òun ni òun ti fi hàn pé ọkùnrin ni òun. Kí oníṣẹ́ igi náà wá fi ọjọ́ kan ṣoṣo bá òun kọ ebè.

Fúnminíyì bẹ Ọlálérè pé kó rọra ṣe é, pé eré ni bàbá òun ń ṣe. Ọlálérè mọ̀ pé kì í ṣe eré. Nígbà tó dé oko, ó bọ́ ẹ̀wù, ó gba ọkọ́, ó sì kọ ebè bí ẹni tí wọ́n ń lé lẹ́yìn. Ní ọ̀sán, Alàgbà ní kó wá jẹ iṣu sísun lábẹ́ abà, kó sì sinmi. Ó ní kò rẹ òun. Ara rẹ̀ ti ń jó bí iná nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ojú bàbá náà wà lára rẹ̀, kò sì fẹ́ kó rí ohun kan. Títí oòrùn fi wọ̀, kò jókòó. Alàgbà wo gbogbo ebè náà, ó mi orí, ó tẹ Anti Tinúadé láago lójú ẹsẹ̀ pé kí wọ́n mú àwọn ẹbí ọkọ wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní Sátidé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọlálérè kò lè gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí. Ó rò pé tó bá fi máa di Sátidé, ìrora náà yóò ti lọ. Kò lọ. Ní Iresi, wọ́n ti to àga sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ìyá Fúnminíyì ti se oúnjẹ, àwọn àgbà ẹbí ti múra jókòó. Ní Ìlá, ìyá Ọlálérè ti wé gèlè, àbúrò bàbá rẹ̀ ti dé láti Ìgbájọ, ṣùgbọ́n ọkọ ìyàwó kò lè wọ ṣòkòtò fúnra rẹ̀. Ó bẹ Anti Tinúadé lórí fóònù pé kó sọ fún wọn pé ibà ni.

Alàgbà dúró lójú gbogbo ẹbí, ó sọ fún wọn pé ibà ló ń ṣe ọkọ ìyàwó. Ó ní kí àwọn tó wá jẹun kí wọ́n máa lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gun ọ̀kadà wá sí Ìlá, ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó sì wádìí. Ẹnì kan níbẹ̀ sọ fún un pé ibà kì í tán lára ọ̀gbẹ́ni yẹn, pé àwọn kì í tilẹ̀ retí rẹ̀ mọ́ tó bá di àárọ̀ Mọ́ńdè. Láti ibẹ̀, Alàgbà kọjá sí ilé àbúrò rẹ̀. Kò jókòó.

Ó ní, “Kò sí ibà tó ń ṣe ènìyàn bẹ́ẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Bóyá ọ̀lẹ ni, bóyá òpùrọ́ ni, mi ò fẹ́ mọ èwo ni. Fúnminíyì kò fẹ́ ẹ mọ́.”

Fúnminíyì lọ bá Ọlálérè lọ́jọ́ náà gan-an. Ìgbà yẹn ni Ọlálérè tó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ọ̀kadà, abẹ́rẹ́, ilé àdúrà, gbogbo ọdún tó ti fi ń pa irọ́ ibà. Lẹ́yìn náà ó ní òótọ́ ni Alàgbà sọ, pé òun kò fẹ́ kí Fúnminíyì wá fi ìgbà èwe rẹ̀ tọ́jú òun, kó padà sílé, kó wá ọkọ tó ní ara.

Fúnminíyì ní, “Ìrora yẹn kọ́ ló ń bí mi nínú. O mọ̀ pé mo ń rò pé obìnrin mìíràn wà, o sì jẹ́ kí n máa rò ó.”

Fúnminíyì dìde, ó sì lọ.

Oṣù méjì ni wọn kò fi ríra. Fúnminíyì á jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀, àwọn bàbá tuntun á máa wọlé wá forúkọ ọmọ wọn sílẹ̀, òun á sì máa bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tí kò fẹ́ bi ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ yóò ṣe rí títí ọjọ́ ogbó, ṣé mo lè gbà á? Bí mo bá lóyún, tí n kò lè ṣiṣẹ́ ilé, tí òun náà wà lórí ibùsùn, ta ni yóò fún ta ni lómi? Ṣùgbọ́n ó kíyè sí i pé tí òun bá ti ń jáde ní sẹkitéríátì, ojú òun ṣì máa ń lọ sí ibi tí Ọlálérè máa ń dúró sí.

Rédíò ló là á lójú. Anti Tinúadé ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́ ọ̀sán Sátidé kan, dókítà obìnrin kan sì ń sọ̀rọ̀ lórí ètò ìlera ní èdè Yorùbá. Ó ní àwọn kan wà tí ara ń ro káàkiri, lápá ọ̀tún àti òsì, lókè ìbàdí àti nísàlẹ̀ rẹ̀, tí kò sì lọ fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní wọ́n á sùn, oorun kò ní ṣe wọ́n lóore, wọ́n á máa gbàgbé nǹkan, àyẹ̀wò á sì máa sọ pé kò sí nǹkan, títí àwọn ènìyàn yóò fi máa pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Anti Tinúadé gbé ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀gúsí. Ó ké sí Fúnminíyì pé kó wá gbọ́ ẹni tí wọ́n ń júwe.

Fúnminíyì gbé ìròyìn náà lọ bá Ọlálérè, ṣùgbọ́n kò kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́. Ó ní òun ti rí dókítà tó. Fúnminíyì bi í pé kí ló máa ń sọ fún wọn tó bá débẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ ọrùn ló ń dun òun jù lọ́jọ́ náà, òun á sọ ọrùn. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀, òun á sọ ẹsẹ̀.

Fúnminíyì ní, “Kò tíì sí ẹni tó gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn. Jẹ́ ká lọ sọ gbogbo rẹ̀.” Ó fi kún un pé òun kò tíì sọ pé òun padà wá, pé òun kàn fẹ́ mọ ohun tí òun ń bá jà ni.

Dókítà Tolúwalọpẹ́, ẹni tó sọ̀rọ̀ lórí rédíò náà, ni wọ́n lọ rí ní Òṣogbo. Kò yára. Ó ní kí Ọlálérè sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní kó fi ìka tọ́ka sí gbogbo ibi tó ń dùn ún, ó bèèrè bó ṣe ń sùn, bó ṣe ń jí, ohun tó máa ń ṣe ṣáájú kí ara tó dá a dùbúlẹ̀. Ó wo oríkèé rẹ̀ bóyá ó wú, ó ka àwọn èsì àyẹ̀wò àtijọ́, ó sì tún ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ kí ó lè dá òun lójú pé àìsàn mìíràn kọ́ ló fara pamọ́. Nígbà tí wọ́n padà lọ gba èsì, ó sọ orúkọ àìsàn náà fún wọn. Fáíbúrómáyáljà. Ọlálérè ní kó tún un pè.

Dókítà ní iṣan tó ń gbé ìròyìn ìrora lọ sínú ọpọlọ ni kò mọ ìwọ̀n mọ́, bíi rédíò tí wọ́n yí ohùn rẹ̀ sókè jù. Ohun kékeré tó bá kan ara á dún bí ohun ńlá. Ó ní, “Àyẹ̀wò tí kò rí nǹkan kò sọ pé irọ́ lẹ̀ ń pa. Ìrora yín, òótọ́ ni.” Ọlálérè, ọkùnrin eléjìká gbòòrò yẹn, gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Dókítà kò ṣèlérí pé yóò lọ pátápátá. Ó ní púpọ̀ nínú àwọn tó ní i ló ń ṣiṣẹ́, tó ń bímọ, tó sì ń gbádùn ayé wọn, bí wọ́n bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Abẹ́rẹ́ kẹ́míìsì gbọ́dọ̀ dópin. Ó kọ oògùn díẹ̀ tí yóò máa lò ní alẹ́. Ó ní kó máa sùn kó sì máa jí ní àkókò kan náà, kó máa fẹsẹ̀ rìn lójoojúmọ́, láti orí ìwọ̀nba tó kéré, kó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Èyí tó wá le jù fún Ọlálérè láti gbà ni pé kó máa dáwọ́ iṣẹ́ dúró kí ara tó ní kó dúró.

Dókítà ní, “Ọjọ́ tí ara yín bá yá gan-an lẹ máa ń fìyà jẹ ẹ́ jù. Ẹ máa ń fẹ́ san gbogbo gbèsè iṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹ pín in. Kí ẹ sì sọ fún àwọn tó sún mọ́ yín, torí irọ́ náà ń gba agbára.”

Fúnminíyì bèèrè, láìgbé ojú sókè, bóyá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gbéyàwó. Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ara rẹ̀ kò sọ pé rárá, pé èyí tó kù wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ó wá kìlọ̀ fún Fúnminíyì pé tó bá fẹ́ ẹ, kó fẹ́ ẹ bí ọkọ, kó má sọ ara rẹ̀ di nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà, wọ́n wọ mọ́tò padà sí Ìlá. Nígbà tí wọ́n kọjá Iresi, Fúnminíyì fi ọwọ́ rẹ̀ sórí ọwọ́ Ọlálérè, kò tẹ̀ ẹ́, kò sì gbé e kúrò títí wọ́n fi délé.

Ìrìn àkọ́kọ́ tí dókítà fún un kéré débi pé ó pa Ọlálérè lẹ́rìn-ín: láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé ẹnu gééètì ilé-ìwé tó wà nítòsí, kó padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó gùn ún sí i. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó tún fi ìwà àtijọ́ ṣe é, ó fi gbogbo ọjọ́ kan kan ilẹ̀kùn, ó sì fi ìrora sanwó rẹ̀ lórí ibùsùn. Lẹ́yìn èyí ló tó gba dókítà gbọ́. Ó gbé àga gíga kan sí ṣọ́ọ̀bù, kí ó lè máa jókòó fá igi. Tó bá lo ayùn fún ìgbà díẹ̀, á fi í sílẹ̀, á mú ohun mìíràn. Ó lọ bá olórí ẹ̀ka rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó sọ òtítọ́ fún un, ìyẹn sì sún kíláàsì iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kúrò ní àárọ̀ kùtùkùtù. Ìrora kò lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọjọ́ tó ń dá a dùbúlẹ̀ ń dín kù, èyí tó bá sì dé kì í pẹ́ mọ́. Fúnminíyì náà kò sọ ọ́ jáde ní ọjọ́ kan pàtó pé òun ti padà wá. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í bá a rìn láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó sì yéé ka ìdí tí kò fi yẹ kó fẹ́ ẹ.

Nígbà tí àkókò ebè tún dé, Ọlálérè wọ mọ́tò lọ sí Iresi láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó bá Alàgbà lóko. Bàbá náà dá ìkíni rẹ̀ lóhùn tán, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọlálérè lóṣòó níwájú rẹ̀.

Ó ní, “Bàbá, ẹ dárí jì mí. Kò sí ibà kankan lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo ní kí wọ́n parọ́ fún yín. Ara ríro ló ń ṣe mí, káàkiri ara, ó sì ti pẹ́. Kò ní pa mí, kò sì dájú pé yóò lọ. Mo ti mọ bí mo ṣe lè máa bá a gbé.”

Alàgbà bèèrè bóyá Fúnminíyì ló rán an. Ó ní Fúnminíyì kò mọ̀ pé òun wá.

“Kí lo wá fẹ́ báyìí?”

“Mo fẹ́ kọ ebè tó kù. N kò lè kọ ọ́ lọ́jọ́ kan. Ẹ fún mi ní apá ibì kan, kí n máa wá ní Sátidé. Màá ṣe díẹ̀, màá sinmi, màá tún ṣe. Tí ẹ bá rí mi tí mo jókòó, iṣẹ́ náà ni mò ń ṣe yẹn.”

Bàbá náà wò ó. Lẹ́yìn náà ó na ọkọ́ sí i.

Kò rọrùn fún Ọlálérè. Kí àgbàlagbà máa ṣiṣẹ́ lọ, kí ọ̀dọ́kùnrin lọ jókòó sábẹ́ igi, ó ń tì í lójú ju ìrora lọ. Lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé kó dìde kó tó àkókò, kó lọ fi ara rẹ̀ hàn. Kò dìde. Àgbẹ̀ tó ní oko lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kọjá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àna Alàgbà ń jókòó bí ìyàwó tuntun. Alàgbà kò gbè é lẹ́yìn, kò sì bá ìyẹn rẹ́rìn-ín. Ó kàn ní, “Wo ebè rẹ̀.” Ebè náà rí rẹ́múrẹ́mú, ó sì to lọ gbọọrọ.

Báyìí ló ṣe ń wá. Ní Sátidé kan, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara Ọlálérè kò gbé e. Ó mú fóònù, ọkàn rẹ̀ ń sọ pé ibà ni kó pè é. Ó tẹ Alàgbà láago fúnra rẹ̀, ó ní ìrora náà dé lónìí, òun kò ní lè wá, tó bá di Sátidé tó ń bọ̀ òun á wá. Bàbá náà ní, “O ṣeun tí o sọ,” ó sì pa fóònù.

Nígbà tó padà lọ, tó sì jókòó sábẹ́ igi bó ṣe máa ń ṣe, Alàgbà fi ọkọ́ sílẹ̀, ó wá jókòó tì í. Ó bi í bí ìrora náà ṣe rí. Ọlálérè sọ ọ́ fún un láìbò ó, bàbá náà sì ń gbọ́. Nígbà tó parí, Alàgbà ní òun ti to àga sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, òun ti pe gbogbo ẹbí, pé lójú gbogbo wọn ni òun ti dúró tí òun ń sọ̀rọ̀ ibà.

Ó ní, “Ká ní o sọ òótọ́ fún mi, à bá kàn sún ọjọ́ náà síwájú ni. Ọmọ tí mo fẹ́ fi fún ọ, mi ò ní wà níbẹ̀ tí o bá ń bá a gbé. Ohun tí o bá sọ ni màá máa gbà. Ìdí nìyẹn tó fi dùn mí.”

Ọlálérè ní òun gbọ́. Wọ́n jókòó títí oòrùn fi rọlẹ̀ díẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ dìde padà sídìí iṣẹ́. Kí ebè náà tó parí, Alàgbà ti ránṣẹ́ sí Anti Tinúadé pé kí ẹbí ọkọ wá. Nígbà tí Fúnminíyì gbọ́ ibi tí Ọlálérè máa ń lọ ní gbogbo Sátidé tó ní òun ní iṣẹ́ níta, ó bínú sí i fún ìṣẹ́jú kan, ó sì sunkún díẹ̀ lẹ́yìn ilé, kó tó wọlé wá rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ṣe ìdána náà ní Iresi lẹ́yìn ìkórè, láàárín ẹbí àti àwọn ará ìjọ. Alága tí ẹbí ìyàwó pè jẹ́ obìnrin tí ẹnu rẹ̀ dùn, tó mọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọkọ ìyàwó lójú. Ó ní kí Ọlálérè àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn òbí ìyàwó. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní òun kò rí àyà ọkọ ìyàwó nílẹ̀ dáadáa, kí wọ́n tún un ṣe. Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín. Alàgbà dìde lórí àga rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè, gbogbo ibẹ̀ sì dákẹ́. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n ṣe yẹn ti kún, pé òun ti gbà á, kí alága jẹ́ kí ọkọ ọmọ òun lọ jókòó.

Alága wò yíká. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí i rí, kí bàbá ìyàwó máa gba ọkọ sílẹ̀. Ọlálérè tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó ní, “Bàbá, ẹ ṣeun. Mo lè ṣe é lónìí.”

Alàgbà wò ó láti òkè dé ilẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ bèèrè nǹkan. Kò bèèrè. Ó yíjú sí alága.

“Ó ní òun lè ṣe é,” ó wí, ó sì jókòó. “A jẹ́ pé ó lè ṣe é nìyẹn.”

Ọlálérè tún dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ kan ẹní, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Nínú yàrá tí wọ́n fi Fúnminíyì sí títí wọn yóò fi pè é jáde, ó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀, ó sì gbọ́ ariwo ayọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó ní kí Anti Tinúadé bá òun tún ìbòjú òun ṣe, pé òun ti ṣe tán láti jáde.